Èlùbọ́ màmá Sábó tí mo gbé lọ Gámbíà, àti ọdún Tobaski tí mo fi ṣe

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú fún Technical Aid Corps ò jẹ́ kí fóònù mi sinmi mọ́, gbogbo wọn ló ń bi mí pé èlùbọ́ ta ni mo gbé lọ Gámbíà tí kòkòrò ò wọ̀ ọ́, tí kò bu, tí mo ṣì ń rí rò jẹ nígbà tí tàwọn ẹlẹgbẹ́ mi ti bàjẹ́. Torí náà ẹ jẹ́ n kọ ọ́ síbi tí gbogbo èèyàn á ti rí i. Màmá kan ní Sábó, níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, ló dì í fún mi. Ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ ò ní sáìnbọ́ọ̀dù, bẹ́ ẹ bá ti dé Sábó ẹ sáà ní ẹ̀ ń wá màmá tó ń di oúnjẹ fáwọn tó ń lọ òkè òkun, wọn ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ rìn jìnnà. Nínú gbogbo àwọn tí mo mọ̀ tó ń ṣe iṣẹ́ yìí nílùú wa, òun lọ̀gá. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ohun tó wà ní ṣọ́ọ̀bù yẹn lẹ gbọ́dọ̀ rà o, ó ní èyí tó yẹ kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀, màá sọ gbogbo ẹ̀.

Fún ẹni tí ò bá mọ Technical Aid Corps, ìjọba àpapọ̀ ló dá a sílẹ̀ ní 1987, wọ́n máa ń kó tíṣà, nọ́ọ̀sì, dókítà, ẹnjiníà, lọ́yà lọ sáwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà, Kàríbíánì àti Pàsífíìkì tó bá ní àwọn nílò wọn, ọdún méjì lèèyàn ń lò níbẹ̀, fọ́lọ́ntíà sì ni, owó tí èèyàn á fi máa jẹun ni wọ́n ń fúnni. Ìṣirò ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì ní Gámbíà. Mo ń sọ eléyìí torí ẹni tó fẹ́ lọ kí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù kó sì padà, ẹrù tiẹ̀ yàtọ̀ sí tẹni tó máa ṣe Iléyá méjì àti Kérésì méjì láàárín àwọn tí kò bá tan. Ẹrù ẹni kejì yìí ni mò ń sọ.

Ẹ jẹ́ n ti orí èlùbọ́ iṣu bẹ̀rẹ̀, torí òun ni màmá yìí fi lókìkí. Apá Òkè-Ògùn ni gbodo ẹ̀ ti ń wá, Ṣakí àti Igbohò, kì í ra èlùbọ́ tí ẹlòmíì ti lọ̀, ó ní bí wọ́n bá ti lọ̀ ọ́ tán kò sẹ́ni tó lè mọ ohun tó wà nínú ẹ̀ mọ́. Gbodo ló máa ń rà, á sì jókòó máa ṣẹ́ ẹ lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tí inú ẹ̀ bá ti ní àbàwọ́n dúdú tàbí tó bá rọ̀ lọ́wọ́ á jù ú sápá kan. Ẹni tó bá ti ṣe gbodo rí á mọ ìdí ẹ̀. Iṣu tí wọ́n bó, tí wọ́n bọ̀ nínú omi gbígbóná, tí wọ́n fi sílẹ̀ sínú omi yẹn di ọjọ́ kejì kí wọ́n tó sá a, tóòrùn ò bá mú dáadáa nígbà tí wọ́n ń sá a, ẹ̀yìn ẹ̀ á gbẹ, inú ẹ̀ ò ní gbẹ, ibẹ̀ gan-an ni bíbu ti ń bẹ̀rẹ̀, ojú ò sì ní tètè rí i. Ìdí nìyẹn tí màmá kì í fi í di gbodo tuntun fún èrò ọ̀nà jíjìn lásìkò òjò. Tẹ́ ẹ bá lọ bá a ní oṣù keje, èyí tóun fúnra ẹ̀ ti lọ̀ látìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló máa bù fún yín, tí ìyẹn bá sì ti tán á sọ fún yín pé ó ti tán. Mo bọ̀wọ̀ fún un nítorí ìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ owó nìkan á tà á fún yín, ó di ẹ̀yìn òkun kẹ́ ẹ tó mọ ohun tẹ́ ẹ rà.

Bó bá ti lọ̀ ọ́ tán, á tún da èlùbọ́ yẹn sórí aṣọ funfun sá a sóòrùn, á wá fi asẹ́ tó ṣe wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ jọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó wá kan dídì. Kò ní máṣíìnì kankan, abẹ ayùn tí wọ́n fi ń gé irin ló fi ń ṣe é. Á da èlùbọ́ sínú náílọ́ọ̀nù tó nípọn, á fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ títí atẹ́gùn inú ẹ̀ á fi jáde, á ká ẹnu náílọ́ọ̀nù náà lé abẹ ayùn yẹn, á jẹ́ kí etí ẹ̀ yọ síta díẹ̀, á wá mú àbẹ́là tó ń jó, á fi iná ẹ̀ kọjá lára etí yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò ní dúró, kò ní padà, torí tó bá dúró ó ti lu nìyẹn. Lẹ́yìn ẹ̀ á fẹ́ atẹ́gùn sí i, á fa ayùn yọ, á gbé náílọ́ọ̀nù náà sétí bí ẹni tó fẹ́ gbọ́rọ̀, á fọwọ́ fún un. Tó bá gbọ́ fíì báyìí, á já a, á tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀. Náílọ́ọ̀nù kejì á wá wọ tàkọ́kọ́, òun náà á tún gba iná. Mo jókòó sórí àpótí níwájú ẹ̀ mò ń wò ó, mo ní Màmá, ẹ ò wá ra máṣíìnì oníná yẹn, ó ní "Àkànkẹ́ mi, ayùn tèmi ò ní sọ fún mi pé kò síná lónìí," ó sì mú òmíràn.

Ohun mìíràn tó ṣe tí mi ò tiẹ̀ ronú kàn ni pé ó fi máàkà kọ orúkọ sára gbogbo wọn pátá, lédè Yorùbá àti lédè Gẹ̀ẹ́sì, ó wá di kékeré kan lọ́tọ̀ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ní kí n tò ó sókè bàágì. Ó ní láfún funfun, èèyàn ò lè gbé nǹkan lẹ́búlẹ́bú funfun kọjá níwájú àwọn aṣọ́bodè kí wọ́n má bi í ní ìbéèrè, àwọn kékeré yìí ni kí n nà sí wọn kí wọ́n tú, kí wọ́n má bàa fi ọ̀bẹ ya àwọn ńlá. Bẹ́ẹ̀ ló rí! Wọ́n ṣí bàágì mi ní èápọ́ọ̀tù, ọ̀gbẹ́ni kan gbé láfún sókè ó ń wò mí, mo nawọ́ sí kékeré, ó tú u, ó gbóòórùn ẹ̀, ó ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára, ó ní kí n dì í padà kí n máa lọ. Ẹni tó wà lẹ́yìn mi lórí ìlà, ọmọ Nàìjíríà bíi tèmi, wọ́n ya tiẹ̀ ni, èlùbọ́ dà sórí gbogbo aṣọ ẹ̀. Àánú ẹ̀ ṣe mí gan-an.

Ní ti ká jẹ ẹ́ lẹ́nu, èlùbọ́ yẹn dára. Kì í ní kókó tẹ́ ẹ bá mọ̀ ọ́n rò, ó máa ń fà, àwọ̀ ẹ̀ pọ́n dúdú dáadáa kì í ṣe dúdú bí ẹ̀yìn ìkòkò, kò sí yanrìn nínú ẹ̀ rárá, kò sì ní kíkan. Ìgbà tí mo wá mọ̀ pé màmá yìí mọṣẹ́ ni àsìkò òjò. Láti oṣù kẹfà títí dé ìkẹwàá lòjò máa ń rọ̀ ní Gámbíà, ibi tí mo sì ń gbé kò jìnnà sókun, ọ̀rinrin ibẹ̀ máa ń mú iyọ̀ yọ́ nínú abọ́. Náílọ́ọ̀nù tí mi ò tíì já nínú wọn, bó ṣe rí lọ́jọ́ tó kúrò ní Sábó náà ló ṣe rí nígbà tí mo já a. Láfún ẹ̀ náà dáa, ó funfun, àmọ́ òórùn ẹ̀ le díẹ̀, ẹni tí ò bá fẹ́ láfún tó ń rùn kó sọ fún un tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀yin náà ẹ mọ oríkì wa, Ògbómọ̀ṣọ́ ibi wọ́n gbé ń jẹ̀kà kí wọ́n tó mùkọ yangan. Ìrẹsì lọ̀rọ̀ àwọn ará Gámbíà, ìrẹsì lọ́sàn-án, ìrẹsì lálẹ́, ó sì dùn o, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tàn yín, benachin wọn tí wọ́n fi ẹja àti ẹ̀fọ́ sè nínú ìkòkò kan ṣoṣo, tàbí domoda tí wọ́n fi ẹ̀pà lílọ̀ ṣe ọbẹ̀ ẹ̀, mo jẹ ẹ́ dáadáa, mo sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń sè é. Àmọ́ tó bá pẹ́ díẹ̀ ikùn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ á máa béèrè ọkà.

Ọjọ́ tí èlùbọ́ yìí wúlò fún mi jù lọ ni ọjọ́ Tobaski. Tobaski ni wọ́n ń pe Iléyá níbẹ̀. Onítẹ̀bọmi ni wá nílé wa, àmọ́ ta lẹ mọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí kì í jẹran Iléyá? Aládùúgbò á gbé abọ́ ẹran wọlé, tó bá di Kérésì ìyá mi á gbé ìrẹsì àti ẹran adìẹ sínú abọ́ yẹn padà fún wọn. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn, abọ́ kì í padà lófìfo. Ní Gámbíà ẹ̀wẹ̀, ó fẹ́ẹ̀ jẹ́ gbogbo èèyàn ni Mùsùlùmí, torí náà tó bá ti ku díẹ̀ kí Tobaski dé, gbogbo ìlú ló ń mì. Ọjà Serrekunda ò ṣe é gbà kọjá. Àwọn télọ̀ kì í sùn, tẹ́ ẹ bá ń sùn lóru ẹ ó máa gbọ́ maṣíìnì. Àgbò wà lórí ọkọ̀, àgbò wà lẹ́bàá ọ̀nà, àgbò wà lára ògiri ilé, àwọn míì ń ti Senegal wá, àwọn míì láti Mali àti Mauritania, ọ̀rọ̀ iye tí àgbò jẹ́ lọ́dún yìí ni ọ̀rọ̀ gbogbo èèyàn, títí kan àwọn ọmọ kíláàsì mi.

Lọ́jọ́ náà gan-an, àwọn ọkùnrin wọ haftan ńlá lọ sí yídì, wọ́n dé, wọ́n pa àgbò, kò pẹ́ tí wọ́n ti dáná èédú káàkiri ọgbà, ẹ̀dọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń yan, lẹ́yìn náà ẹran egungun ìhà pẹ̀lú àlùbọ́sà àti mọ́sítáàdì, wọ́n á fi búrẹ́dì gígùn wọn tí wọ́n ń pè ní tapalapa jẹ ẹ́. Òórùn yẹn ò ṣe é ṣàpèjúwe. Orí tẹlifíṣọ̀n la ti rí àwọn àgbààgbà Mùsùlùmí Banjul tí wọ́n lọ kí ààrẹ ní State House, àwọn olórí ìjọ Kristẹni sì wà pẹ̀lú wọn, inú mi dùn sí ìyẹn.

Ohun tí mi ò rí rí ni ti ìdáríjì. Lọ́jọ́ Tobaski, ọmọdé àti àgbà á máa lọ láti ilé dé ilé, wọ́n á ní kẹ́ ẹ foríjin àwọn fún gbogbo ohun táwọn ti ṣe sí yín látọdún tó kọjá, wọ́n á sì gbàdúrà pé kẹ́ ẹ tún jọ rí ọdún tó ń bọ̀. Mo gbọ́ ọ ní yàrá mi tí wọ́n ń ṣe é láàárín ara wọn níta, mi ò mọ̀ pé ó kàn mí. Àfi bí ìyá onílé wa ṣe kanlẹ̀kùn, ìyá àgbà tó jẹ́ pé ó ju ìyá tó bí mi lọ́mọ lọ lọ́jọ́ orí, ó dúró níwájú mi pẹ̀lú aṣọ ọdún ẹ̀, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní kí n foríjin òun. Èmi ọmọ Yorùbá, kí àgbà dúró kó máa tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi! Orúnkún mi ti kanlẹ̀, mo ń sọ pé "ẹ̀yin lẹ óò foríjì mí, Mà," èdè Yorùbá ni mo fi ń sọ ọ́, ó sì fa mí dìde, ó ní níbí báyìí a kì í kúnlẹ̀, kí n ṣáà sọ pé mo ti foríjin òun. Mo sọ ọ́. Òun náà dárí jì mí. Omi bọ́ lójú mi.

Bó ṣe jáde báyìí ni abọ́ bẹ̀rẹ̀ sí wọlé. Tìyá onílé, tàwọn Fúlàní tó wà ní yàrá kejì, tàwọn Jola, ẹ̀yà kan níbẹ̀, tó wà lẹ́yìn, olúkúlùkù gbé ẹran tútù àti ẹran yíyan wá fún tíṣà. Àwọn ọmọ kéékèèké nínú aṣọ tuntun wá ń gba salibo, ìyẹn owó ọdún, mo ti ṣẹ́ dalasi, owó Gámbíà, sílẹ̀ dè wọ́n. Mo wo gbogbo abọ́ tó wà nílẹ̀. Ẹran tó pọ̀ tó báyẹn, ti èmi nìkan? Abọ́ àwọn èèyàn á wá padà lófìfo bí? Ni mo bá lọ já náílọ́ọ̀nù èlùbọ́ ńlá kan.

Mo fi ẹran àgbò wọn se ọbẹ̀ ata. Ẹ̀wà tí wọ́n ń pè ní nyebe lọ́hùn-ún, ẹ̀wà tiwa yìí náà ni, mo bó èèpo ẹ̀, mo fi se gbẹ̀gìrì. Ewédú, ẹ ò ní gbà gbọ́, ó kún ọjà wọn, kren-kren ni wọ́n ń pè é, ewédú tútù yọ̀yọ̀ tó ń fà ju tiwa lọ, mo fi ìjábẹ̀ tí màmá fún mi já a. Mo wá ro àmàlà lórí ìkòkò èédú níta gbangba, pẹ̀lú ọmọorógùn, gbogbo ọgbà ló yí mi ká. Àwọn ọmọdé ní ṣé kòkó ni mo fẹ́ fi ṣe é tó fi dúdú báyìí. Mo bù ú sínú abọ́ tánganran ńlá tí wọ́n fi ń jẹ benachin, mo gbé e sáàárín ẹní, nítorí abọ́ kan ṣoṣo ni gbogbo ilé fi ń jẹun níbẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún, ibi tó bá wà níwájú ẹ ni kó o ti jẹ. Bàbá onílé ló kọ́kọ́ bu òkèlè. Ó ń jẹ ẹ́ lẹ́nu bí ẹni ń jẹ búrẹ́dì, mo ní Bàbá, ẹ kì í rún un o, ẹ gbé e mì. Ó gbé e mì. Ó dákẹ́ díẹ̀, gbogbo wa ń wò ó, ó tún bu òmíràn tó tóbi ju tàkọ́kọ́, ó wá ní kí wọ́n sún abọ́ náà mọ́ òun díẹ̀ sí i. Kí ni wọ́n ń dúró dè? Ilẹ̀ abọ́ yẹn yọ kí ọbẹ̀ tó tutù. Ní Tobaski tó tẹ̀lé e, wọ́n ò tíì ra àgbò tí bàbá ti ń bi mí pé ṣé ìyẹ̀fun dúdú yẹn ṣì kù.

Ṣé ẹ rí i, ìdí tí mo fi ń gbé èlùbọ́ yìí lárugẹ nìyẹn. Fọ́lọ́ntíà tó ń ṣọdún nílé onílé, gbogbo èèyàn ló máa fún un lóúnjẹ, kò sí ìyà níbẹ̀ rárá, àmọ́ ojoojúmọ́ lèèyàn á jẹ́ àlejò tí kò bá ní nǹkan tó máa gbé sórí ẹní. Ọjọ́ tí mo gbé àmàlà kalẹ̀ ni àwọn ìyá ọgbà yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí lọ́mọ, wọ́n ń rán mi níṣẹ́, wọ́n ń bá mi wí. Nítorí náà ẹ má ra ìwọ̀nba tó máa tó yín jẹ nìkan, ẹ ra èyí tẹ́ ẹ máa fi ṣàlejò.

Ti Kérésì, Banjul ni mo ti ṣe é, nílé tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi kan tó jẹ́ Aku. Àwọn Aku yìí, ọmọ ọmọ àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú lórí òkun ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni wọ́n, Yorùbá sì pọ̀ nínú àwọn baba ńlá wọn, láti Freetown lọ̀pọ̀ wọn ti wá sí Banjul, tó ń jẹ́ Bathurst nígbà náà. Mo dé ibẹ̀, wọ́n gbé àkàrà wá, wọ́n gbé ọ̀lẹ̀lẹ̀ wá, mo kàn ń wo ojú wọn ni. Lálẹ́, àwọn ọ̀dọ́ gbé fanal jáde, ìyẹn ọkọ̀ ojú omi ńlá tí wọ́n fi pépà àti igi ṣe, tí wọ́n gbẹ́ iṣẹ́ ọnà sí lára, iná ń tàn nínú ẹ̀, ìlù ń tẹ̀lé e láti ojúlé dé ojúlé tí wọ́n ń gba owó ọdún. Eégún náà jáde. Mo ti gbé láfún dání, màmá àgbà ilé yẹn mọ ohun tó jẹ́ kí n tó ṣàlàyé, òun gan-an ló rò ó. Èyí tó kù lára láfún mo fi sílẹ̀ fún un.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sí Sábó. Ohun tí mo ní kẹ́ ẹ má rà lọ́wọ́ màmá ni ewédú gbígbẹ. Kì í fà. Ó ti sá a pẹ́ jù lóòrùn, ewé ẹ̀ ti ṣí, ó dà bí ìgbà téèyàn ń jẹ koríko, ibi tẹ́ ẹ sì ń lọ yẹn lè ní tútù, kẹ́ ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó kó owó sí i. Ẹja gbígbẹ náà, tó bá jẹ́ Gámbíà lẹ̀ ń lọ, ẹ fi sílẹ̀, etíkun ni wọ́n wà, ẹja bonga yíyan ń bẹ nílẹ̀ bí iyanrìn ní Tanji. Ata gígún ẹ̀ dùn, ó ta, àmọ́ náílọ́ọ̀nù ẹyọ kan ló fi dì í, kò ṣe é bó ṣe ṣe èlùbọ́, ata wọ gbogbo aṣọ tó wà nítòsí ẹ̀, ojú ọ̀rẹ́ mi kan pọ́n torí ó gba ìborùn mi lò. Ẹ sọ fún un kó fi náílọ́ọ̀nù méjì dì í, kódà kẹ́ ẹ dúró tì í.

Írú ẹ̀ ní tiẹ̀, ẹ rà á. Írú wóró ló máa ń dín pẹ̀lú iyọ̀ díẹ̀ láìfi òróró sí i títí á fi gbẹ kánkán, á wá rọ ọ́ sínú ìgò, á fi náílọ́ọ̀nù sẹ́nu ẹ̀ kó tó dé e. Kò rùn nínú bàágì mi rárá. Lóòótọ́ wọ́n ní írú tiwọn níbẹ̀, netetu, ó sì dáa nínú supakanja, ìyẹn ọbẹ̀ ilá wọn, àmọ́ fún gbẹ̀gìrì mi ò lè fi ṣe bíi tilé. Ọmọorógùn àti ìjábẹ̀, ó ń tà wọ́n pẹ̀lú, owó kékeré ni, ẹ má gbàgbé wọn o, torí kò síbi tẹ́ ẹ ti máa rí wọn rà, bàágì tó ń lọ sábẹ́ ọkọ̀ òfurufú lẹ sì gbọ́dọ̀ fi wọ́n sí.

Owó ẹ̀ wọ́n díẹ̀ ju ti ọjà lọ, kóńgò rẹ̀ ga, ó sì ń gba owó dídì lọ́tọ̀. Mi ò bínú sí i, iṣẹ́ tí mo fojú mi rí tó owó yẹn. Ohun tó ń bí mi nínú ni àdéhùn. Tó bá ní kẹ́ ẹ wá lọ́jọ́ Túsìdeè, ẹ fi Fúráìdeè sọ́kàn, tẹ́ ẹ bá pè é á ní ó ti ń parí, tẹ́ ẹ bá dé ibẹ̀ ẹ ó bá gbodo lórí ilẹ̀ tí kò tíì lọ̀. Ẹni tí ọjọ́ ìrìn-àjò ẹ̀ ti wọlé, kó má fi í sí ọ̀sẹ̀ tó máa lọ. Àti pé bí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú yín bá fún yín ní kílò 23 fún bàágì kan, ẹ sọ fún un tẹ́lẹ̀, ó ní òṣùwọ̀n, á wọ̀n ọ́n fún yín kó tó fi iná lẹ ẹnu ẹ̀, kí wọ́n má bàa ní kẹ́ ẹ máa kó èlùbọ́ jáde lójú gbogbo èèyàn. Kì í ṣí lọ́jọ́ ìsinmi. Owó tí wọ́n ń fi fóònù ránṣẹ́, tí alẹ́ẹ̀tì ò bá tètè wọlé, ẹ̀ ń jókòó títí á fi wọlé, nítorí náà ẹ mú owó dání.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ti san tiẹ̀ sílẹ̀ níwájú mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, èlùbọ́ iṣu ló pọ̀ jù níbẹ̀, láfún díẹ̀, ìgò írú, ọmọorógùn méjì. Màmá fẹ́ fi ewédú gbígbẹ kún un fún un lọ́fẹ̀ẹ́, mo bẹ̀ ẹ́ kó bá wa fi èlùbọ́ dípò ẹ̀, ó sì bù ú.